Ewúrẹ́ Ojú Ewé Kẹrìnlá

Tíṣà kan wà tí gbogbo ọmọ kíláàsì kejì ń pè ní Kedere. Kò sẹ́ni tó jókòó ronú kó tó fún un lórúkọ yìí, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ fà á. Bó bá kọ nǹkan sára pátákó tán, á yí padà, á na ṣọ́ọ̀kì sí àwọn ọmọ, á ní, “Ṣé ó hàn kedere?” Àwọn ọmọ á fa ohùn gùn: “Ó hàn kedere, sà.” Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dá a lóhùn ti di abiyamọ àti bàbá ọlọ́mọ, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ti di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, débi pé ọmọ tí Kedere kọ́ ní a, b, d, ló ń buwọ́ lu ìwé ìsinmi rẹ̀ báyìí.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara rẹ̀ lónìí, ni pé fún ọdún mẹ́ta gbáko, kò sí ohun tó sún mọ́ Tíṣà Kedere tó hàn sí i kedere mọ́. Ti òkèèrè ò ṣòro. Bí ọmọ kan bá ń jẹ nǹkan ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá, á rí ẹnu rẹ̀ tó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú imú rẹ̀, wàhálà dé. Àwọn lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri bí èèrà tí wọ́n da omi sí lára.

Ọ̀sẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé àárọ̀ márààrún ló fi buwọ́ lu ìwé ìwásíṣẹ́ níwájú orúkọ olùkọ́ kíláàsì kẹrin, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó wà nílé. Nínú ìwé, ìyá ìkókó ò pa iṣẹ́ jẹ rárá, Tíṣà Kedere ló sá níṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ìkánjú ló fà á. Ìkánjú wo nígbà náà, ọkùnrin tó máa ń dé kí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ tó dé?

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Aránṣọ ni, yàrá iwájú ilé wọn ló sọ di ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí gígùn kan tí igun rẹ̀ ti fọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ni ọkọ rẹ̀ ti ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà sì máa ń fi yangàn lójú àwọn oníbàárà pé, “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń kì í, ó ti wọlé.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó kì í, kò wọlé. Ó fi ẹnu lá òwú, ó tún kì í, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó jáde sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ó di ojú kan, ó yọ ahọ́n síta, ó dúró bí ẹni tó ń yìnbọn. Òwú kọ̀ jálẹ̀.

“Òwú òde òní ò dáa mọ́,” ó ní. “Wọ́n ti nípọn jù.”

“Ṣé òwú ló nípọn, Bàbá wa, àbí ihò abẹ́rẹ́ ló ti dí?” Ìyàwó rẹ̀ gbé jígí ojú tó fi okùn so kọ́ ọrùn sójú, ó gba abẹ́rẹ́, ó kì í lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. “Ẹ jẹ́ ká lọ ra jígí fún yín.”

“Jígí? Arúgbó ló ń lo jígí.”

“Èmi tí ẹ fi ọdún mẹ́fà jù lọ ńkọ́, kí ni ká máa pè mí?”

Tíṣà gbójú sókè, ó wo sánmà, ó ní ó jọ pé òjò máa rọ̀. Bó ṣe sá fún ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ká sòótọ́, ìgbéraga nìkan kọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Olùkọ́ àgbà kan tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún ra jígí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó wá di ẹni tó ń há ìgbálẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ló jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ fún ìjókòó, jígí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ṣèwádìí. Ọdún méjì péré ló kù kí Kedere fẹ̀yìn tì, ó sì ti pinnu pé iwájú pátákó lòun ti máa fẹ̀yìn tì, kì í ṣe láàárín ìgbálẹ̀.

Ó wá dọ́gbọ́n. Orúkọ àwọn ọmọ, ó há gbogbo rẹ̀ sórí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà. Á ṣí ìwé orúkọ sílẹ̀, á máa pè wọ́n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní wo ibì kankan. Ti iṣẹ́ àṣetiléwá, ìrísí ìkọ̀wé ọmọ kọ̀ọ̀kan ló fi ń dá a mọ̀: èyí tó wúwo bí ẹsẹ̀ erin, èyí tó dagun, èyí tó kéré bí ìyẹ̀pẹ̀. Ó mọ ẹni tó sábà máa ń gbà á, ó sì máa ń fi bírò pupa gbà fún un. Ẹni tó sábà máa ń ṣì í, á fa igi lé tiẹ̀. Àní àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa lọ́jọ́ kan ṣoṣo láyé wọn, Tíṣà fi àṣà fa igi lé e.

Ti ìwé kíkà ló wá rọrùn jù lọ. Ìwé kíkà kíláàsì kejì ò yí padà láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́. Àwọ̀ ewé tútù ni ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí Kedere ò lè sọ lójú oorun. Èyí tó fẹ́ràn jù lọ ni ẹ̀kọ́ ojú ewé kẹrìnlá, ẹ̀kọ́ Ewúrẹ́: “Ewúrẹ́ wọ ilé. Ewúrẹ́ rí aṣọ. Ewúrẹ́ jẹ aṣọ. Ìyá ní, Ta ló jẹ aṣọ mi? Ewúrẹ́ dákẹ́, kò sọ̀rọ̀.” Bó bá dé ibi tí ewúrẹ́ ti dákẹ́, òun náà á dákẹ́ díẹ̀, á wo kíláàsì yíká, àwọn ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rín yẹn ò gbẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì, ìwé kíkà tuntun dé nínú páálí, ogójì, tó kárí àwọn ọmọ kíláàsì àti tíṣà wọn. Àwọ̀ ewé tútù náà ni. Ìwé pélébé kan wà lókè páálí tí wọ́n ní kí tíṣà kà kó sì buwọ́ lù. Ìránṣẹ́ ọ̀gá dúró dè é. Kedere gbé ìwé náà sókè, ó mi orí, ó tún mi orí, ó ní, “Hẹn-ẹ̀n, ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó buwọ́ lù ú, ó fi ẹ̀dà tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú tó ń mì, ló bá ṣẹ́ ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi tì í lẹ́sẹ̀. Tábìlì dúró gbọn-in. Ó dùn mọ́ ọn nínú pé òun rí ìlò fún un.

Ẹ̀kọ́ ń lọ. “Ẹ ṣí ojú ewé kẹrìnlá. Ìka lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.” Òun á sọ ìlà kan, àwọn ọmọ á gbè é, ìka wọn á máa rìn lórí ìwé bí ẹnu wọn ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á kó ìwé padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, torí ó ti ṣòfin pé ìwé kíkà kì í délé kí ẹnikẹ́ni má baà da omi sí i. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan nawọ́, ó ní, “Sà, ewúrẹ́ dà nínú àwòrán? Adìyẹ ni mo rí.” Kedere ò tiẹ̀ ronú lẹ́ẹ̀mejì. “Ewúrẹ́ ti wọlé. O ò gbọ́ ni? Adìyẹ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.” Ọmọ náà jókòó, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọbìnrin káfíńtà dé sí kíláàsì. Ìlú mìíràn ni bàbá rẹ̀ ti kó wá, wọ́n sì ń gbé lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́, níbi tí bàbá ti ń kan àga. Ọmọ náà máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀, ó máa ń fara balẹ̀ rìn, kódà bó bá ń sín, á fara balẹ̀ sín in, làwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ẹni tó mọ̀wé jù ní kíláàsì nígbà yẹn ni ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Yára-yára, tó lè sọ ẹ̀kọ́ mẹ́rìndínlógún láìmí.

Lọ́jọ́ tó kan Jẹ́jẹ́ láti dá ka ojú ewé kẹrìnlá, ó dìde, ó fi ìka sí i, ó ní, “A-dì-yẹ. Adìyẹ wà... ló-rí... ẹyin.”

“Wo inú ìwé rẹ dáadáa,” Kedere ní.

Ọmọ náà wò ó dáadáa. “Adìyẹ wà lórí ẹyin.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Yára-yára nawọ́ méjèèjì sókè. Jẹ́jẹ́ wá fi ohùn kékeré sọ pé, “Sà, adìyẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

“Ṣé èmi tí mo ti ń ka ìwé yìí kí bàbá rẹ tó mọ òòlù ni mo wá ń purọ́?” Ó ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ẹ̀kọ́ fi parí, kó máa gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń kà á. Lọ́sẹ̀ kejì, bákan náà. Lọ́sẹ̀ kẹta, bákan náà. Nígbà tó di sáà kẹta, bí wọ́n bá pe Jẹ́jẹ́, á dìde, á ṣí ìwé, á dákẹ́. Kedere sì mi orí, ó káàánú rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, ó káàánú rẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún ẹ̀kọ́ parí, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé èsì ọmọ náà ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà pé: KÒ MỌ̀WÉ KÀ. KÓ TÚN KÍLÁÀSÌ KEJÌ ṢE.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, káfíńtà wá. Ọkùnrin gíga ni, pẹ́ńsù wà létí rẹ̀, eruku igi wà lórí bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Tíṣà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

“Tíṣà, ẹ má bínú sí mi. Èmi ò kàwé. Ọmọ yìí ló ń bá mi ka ara agolo ọ̀dà, òun ló ń bá mi ka ara páálí ìṣó. Lọ́jọ́sí, wọ́n ta ọ̀dà irin fún mi dípò ọ̀dà igi, òun ló rí i. Mi ò mọ bí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò ṣe ní mọ̀wé kà.”

“Bàbá, agolo ọ̀dà kọ́ ni ìwé,” Kedere fi sùúrù dá a lóhùn. “Ẹni tó bá wo àwòrán ara agolo á mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.”

Káfíńtà tẹ orí ba. “Ó ti ní òun ò wá mọ́, sà. Láti àná. Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa bá mi ka agolo nílé, pé agolo kì í bínú sóun.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Tíṣà díẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà tó ti kọ nǹkan ní bírò pupa ṣòroó yí padà. Ó ní kí wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, torí òfin ilé ẹ̀kọ́ ni pé ọmọ kankan ò gbọdọ̀ tún kíláàsì ṣe àyàfi tí ọ̀gá bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń kàwé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Jẹ́jẹ́ nílé. Kedere tún mú Yára-yára dání, kí ọ̀gá lè rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ẹlẹ́rìí tó máa tú àṣírí rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Yàrá ọ̀gá kéré: tábìlì, aago ara ògiri, ife ẹ̀yẹ méjì tí etí ọ̀kan ti já. Ọ̀gá ní kí Tíṣà jókòó kóun tó jókòó. Káfíńtà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀.

“Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tìẹ,” ọ̀gá sọ fún Yára-yára, ó ṣí ojú ewé kẹrìnlá fún un, òun náà sì mú ìwé kan dání.

Ọmọ náà gbójú sókè àjà, ó sì tú u jáde: “Ewúrẹ́ wọ ilé ewúrẹ́ rí aṣọ ewúrẹ́ jẹ aṣọ.” Tíṣà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá wo ìwé, ó wo ọmọ, ó yí ìwé padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìwé mìíràn ni wọ́n gbé fún òun.

“Ojú ewé wo lò ń kà?”

“Kẹrìnlá, mà.”

Ọ̀gá gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. “Ìwọ ńkọ́? Wá kà á fún mi.”

Jẹ́jẹ́ gba ìwé. Ó wò ó. Ó dákẹ́. Bàbá rẹ̀ ń fi ọwọ́ pa pẹ́ńsù etí rẹ̀ lára. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó ní, “Kà á, má bẹ̀rù.”

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo Tíṣà lójú. Ó wá bi ọ̀gá pé, “Ṣé ti inú ìwé ni kí n kà, mà, àbí ti Tíṣà?”

“Ti inú ìwé,” ọ̀gá ní.

“Adìyẹ wà lórí ẹyin. Òjò ń rọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ọmọ ní, Adìyẹ, dìde, wọlé. Adìyẹ kò dìde.” Ó fara balẹ̀ kà á, ìka rẹ̀ ò fo ọ̀rọ̀ kan.

“Ẹ ò rí i?” Kedere ní. “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mà. Á máa hun tiẹ̀.”

Ọ̀gá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un, bí ọmọ ṣe ń gbé nǹkan fún bàbá. “Tíṣà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á.”

Kedere gbà á. Ó rí ojú ewé náà bó ṣe máa ń rí i, kùrukùru dúdú lórí kùrukùru funfun. Ó bẹ̀rẹ̀: “Ewúrẹ́ wọ ilé. Ewúrẹ́ rí aṣọ. Ewúrẹ́ jẹ aṣọ.” Bó ṣe ń lọ, ó gbọ́ ohùn kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀gá ló ń bá a sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ojú rẹ̀ wà ní fèrèsé: “Ìyá ní, Ta ló jẹ aṣọ mi? Ewúrẹ́ dákẹ́, kò sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà,” ọ̀gá ní. “Mi ò lè gbàgbé ẹ láyé. Bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé yín, tí mo gbọ́ ọ, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ronú kan ìwé tuntun rárá, ẹ̀bi tèmi náà nìyẹn. Ìwé pélébé tó bá páálí wá ńkọ́, sà?”

Kedere ní, “Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì mi, mà.”

Káfíńtà ló lọ mú un wá, torí ẹsẹ̀ tábìlì ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀gá tú u, ó nà án sí Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà fi ìka sí i, ó ń sinmi lórí àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn: “Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kíyè sí i. Ẹ̀yìn ìwé yìí kò yí padà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni a ti tún kọ.”

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Kedere ò tiẹ̀ dé ogún, ọdún mẹ́ta péré ni. Ojú tì í débi tó fi rò pé àga tóun jókòó lé máa gbé òun rì. Kì í ṣe ti ọ̀gá ló dùn ún jù, kì í ṣe ti yàrá ìgbálẹ̀. Ohun tó ń rí ni ọmọ kékeré kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín kíláàsì, tó rí òótọ́, tó sọ òótọ́, tí òun sì ní kó wo inú ìwé dáadáa. Méjìdínlógójì ni kíláàsì rẹ̀. Ó ti ń ròyìn káàkiri pé mẹ́tàdínlógójì mọ̀wé, ẹnì kan ni kò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe wá rí ni pé ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, mẹ́tàdínlógójì ni kò mọ̀ ọ́n. Ká tiẹ̀ sọ pé méjìdínlógójì, torí ó yẹ ká ka tíṣà wọn mọ́ wọn.

Ó dìde, ó lọ síwájú Jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi ké.

“Ìwọ lo rí i,” ó ní. “Èmi ni mi ò rí i. Ojú mi ò ríran sún mọ́ mọ́, mo sì ń fi pa mọ́. Mo fìyà jẹ ọ́ lórí ohun tí mi ò rí. Má bínú, ọmọ mi.”

Ọmọ náà wò ó pẹ́. “Ṣé ẹ ò rí adìyẹ náà rárá, sà?”

“Mi ò rí i rárá.”

“Ó tóbi, sà,” Jẹ́jẹ́ ní. Ó ya ọmọ náà lẹ́nu ni, kò fi bú u. Káfíńtà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Kedere sọ títí dòní pé òun ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Ọ̀gá ò gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, kó lọ wá jígí, kó sì kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìwé kíkà, pé bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kò sí bí òun á ṣe jẹ́ kí kíláàsì kejì kọjá sí kẹta. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kíkà lóòótọ́. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan lẹ máa fi sílẹ̀ fún àwọn yìí.”

Nígbà tó délé, kò tiẹ̀ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kí i tán. “Yá mi ní jígí rẹ,” ó ní. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, kò rẹ́rìn-ín, àfi nígbà tó dé ibi tí adìyẹ ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ okùn kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Férémù jígí náà pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ sì ká sókè bí ti aṣọ obìnrin. Kedere mú abẹ́rẹ́ kan lórí tábìlì, ó kì í lẹ́ẹ̀kan, òwú wọlé. Ó kì í tán, ó jókòó, ó sì ń wo ihò abẹ́rẹ́ náà bí ẹni tó tún rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. “Èyí á tó mi títí tí a máa fi ra tèmi,” ó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ rí i pẹ̀lú jígí obìnrin lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi bọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lórí tábìlì rẹ̀ tí ò mì mọ́ (káfíńtà ti fi pátákó kékeré kan ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀), ìwé èsì Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, ó ti fa igi lé ohun tó kọ ní bírò pupa láti òpin dé òpin. Jẹ́jẹ́ wà ní àyè rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló mú un wá, ó sì dúró lẹ́nu fèrèsé díẹ̀ kó tó lọ.

“Láti òní,” Kedere ní, “Tíṣà kọ́ ló ń ṣáájú ní ojú ewé kẹrìnlá. Jẹ́jẹ́ á kà á, gbogbo wa á gbè é. Ìka lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.” Òun náà fa bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó láàárín wọn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó fi ìka sórí ìwé tirẹ̀.

Jẹ́jẹ́ dìde. Kò la ẹnu. Ó ń dúró dè wọ́n kí gbogbo wọn dákẹ́, àbí ẹ̀rù ṣì ń bà á ni, Kedere ò mọ̀. Kó bàa lè fún un lókun, ó fẹ́ bá a dá a sílẹ̀, ahọ́n tó ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lójú ọ̀nà kan ò sì dúró kí ojú bá a.

“Ewúrẹ́,” ó ní.

Ọmọ náà yíjú sí i.

“Sà,” Jẹ́jẹ́ fara balẹ̀ sọ, “ẹ wo inú ìwé yín dáadáa.”

Tíṣà ti jígí náà sókè lórí imú, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Adìyẹ náà tóbi lóòótọ́, ó bo ìdajì ojú ewé, òjò ń pa á lórí ẹyin rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn lẹ́tà dúró jẹ́ẹ́.

“Adìyẹ,” ó ní.

“Ó kù, sà,” Jẹ́jẹ́ ní. “Ẹ máa kà á lọ.”